Ẹ̀rù Ò Ba Màmá Ẹ-Ṣọ́ra Mọ́

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ojo ayé tò sórí ìlà, Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ni ì bá wà níwájú, wọn ì bá sì tún máa bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan fẹ́ tì wọ́n. Mi ò bú wọn o, bí wọ́n ṣe rí ni mò ń sọ. Bí òjò bá ṣú báyìí, wọ́n á ti yọ gbogbo wáyà kúrò lára iná, títí kan ti fìríìjì, kí ẹran bàjẹ́ tó bá fẹ́ bàjẹ́. Nítorí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní òdìkejì títì, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé onílé yípo. Ilé alájà méje ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì wọ ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀ rí. "Ẹ ṣọ́ra o" ni wọ́n fi ń kí èèyàn, òun náà ni wọ́n fi ń dágbére. Wọ́n sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́. Olè já báàgì wọn gbà lọ́jọ́ kan, ó ń sá bọ́ sáàárín ọkọ̀, wọ́n tún sọ ọ́ fún olè. Ta ló wá fẹ́ sọ pé orúkọ yẹn ò tọ́ sí wọn?

Ọ̀rọ̀ wọn ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn náà ló tọ́ wọn dàgbà. Baba wọn ti tètè kú, Màmá nìkan ló kù. Kò sí ọmọ tó jóná lọ́wọ́ wọn, kò sí èyí tí mọ́tò gbá, kò sí èyí tó gbé ohun olóró mu. Wọ́n kúkú ti sọ ọ́ pé ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà, obìnrin, ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀mọ̀wé, nítorí ó kàwé títí ó fi sú ìwé. Iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe. Àrùn kan tó máa ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀, títí olúwarẹ̀ kò fi ní dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́, òun ló ń wádìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ọkọ̀ tó fi ń kọ́ wọn ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bíréèkì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Ní láàbù Ọ̀mọ̀wé, pákó kan wà tí wọ́n kàn ní àgbélébùú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó ìbàdí èèyàn. Apá méjì ní ògiri lọ́tùn-ún lósì. Apá méjì yòókù ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọn ò fi nǹkan kan ká a. Wọ́n á gbé eku funfun sí àárín. Eku tí ara rẹ̀ dá á sáré wọ ibi tó ní ògiri, á wá máa yọ imú wo ìta. Ṣùgbọ́n àwọn eku kan wà tí wọ́n bí àrùn yẹn mọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó gbàgbé ọ̀nà ibi tí oúnjẹ wà, kí ara wọn tó máa gbọ̀n, ẹ̀rù ni í kọ́kọ́ lọ.

Bí Ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ nìyí: lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àwọn ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ wà tí ìròyìn ń gbà wọlé. Níbì kan nínú ọpọlọ tí kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé ìròyìn ewu ni iṣẹ́ tiwọn. Àwọn yẹn ni àrùn náà kọ́kọ́ ń tì pa. Ewu á dé, á kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Eku tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ á gbafẹ́ lọ sí ìparí apá tó ṣí sílẹ̀, á na ọrùn wo ìsàlẹ̀, á sì já bọ́.

Fóòmù wà nísàlẹ̀, kì í kú. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tó le ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó ń wò kò gbọdọ̀ mira. Kò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ nawọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ ohunkóhun, torí bí eku bá ti fura, àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun a máa figbe ta bí eku bá fẹ́ já bọ́. Ọ̀mọ̀wé kì í ké. Òun ló ń kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ọjọ́ Àìkú kan ni àyà rẹ̀ kọ́kọ́ já. Ó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì nítòsí ilé Màmá, ó rí wọn ní òdìkejì títì, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn. Títì yẹn kan náà, Màmá máa ń wo ọ̀tún wo òsì títí yóò fi sú ẹni tó bá wọn rìn, wọ́n á sì tún di ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kàn bọ́ sójú títì bí ẹni tó ń ti pálọ̀ lọ sí kíṣìnì. Táyà ké. Mọ́tò kan dúró lójijì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orókún wọn.

"Ṣé ayé ti sú yín ni, ìyá?" Awakọ̀ náà yọrí síta, ó ń pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí, wọ́n sì juwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní, "Bíréèkì ọkọ̀ yẹn dáa."

Ọ̀mọ̀wé di Màmá lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi dénú ilé. Kò tíì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ìdí oúnjẹ ló ti wá gbọ́ èyí tó kù. Ẹ̀rín ni Bíréèkì ń fi ìtàn náà rín. "Màmá ti dọ̀dọ́, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Wọ́n ti ń wọ ẹ̀rọ agbéniròkè o! Ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará ọ̀hún ńkọ́, èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ yí gbogbo àdúgbò ká? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fọwọ́ yọ egungun lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ há a lọ́fun. Àní ajá náà gan-an, ẹnu yà á!"

Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń bu ìrẹsì sí i fún Ọ̀mọ̀wé. Ìgbà náà ló rí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Awọ ibẹ̀ ti bó, ó pọ́n rokoṣo.

"Màmá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ìkòkò tó wà lórí iná ni mo gbé."

"Ẹ ò fi aṣọ dì í mú? Ẹ gbàgbé pé ó gbóná ni?"

"Èmi gbàgbé?" Màmá wo ọwọ́ náà, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. "Mo mọ̀ pé ó gbóná. Ó kàn dà bíi pé kò kàn mí ni."

Ọ̀mọ̀wé tún wo ọwọ́ náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, kò sì lè jẹun mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ogún èèyàn lè jókòó sídìí tábìlì yẹn kí wọ́n máa yọ̀ pé ìyá àwọn ti gbóyà. Òun nìkan ló mọ irú ìgboyà tó jẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń rí irú rẹ̀ lórí pákó, tó ń rìn lọ sí ìparí.

Ó gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Màmá tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbóòórùn ilé ìwòsàn lásán, inú wọn á máa lọ́, ṣe ni wọ́n ń kọrin lọ́nà. Dókítà bi wọ́n ní ọjọ́, wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n máa kà á sẹ́yìn láti ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n máa yọ méje méje, wọ́n kà á, dókítà alára ló ṣìṣe tí wọ́n tọ́ ọ sọ́nà. Ó ní kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún, wọ́n rántí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì bi í bóyá ó tún ní òmíràn. Dókítà rẹ́rìn-ín títí.

"Orí Màmá pé ju tèmi lọ," ó sọ fún Ọ̀mọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ni mo rí tí ẹ ò sùn."

"Kì í ṣe ìrántí ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ̀rù ni. Mo ń rí i lára àwọn eku mi."

"Màmá kì í ṣe eku o, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán ohun tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ẹyọ kan la ní. Àwọn tí àìsàn ti hàn lára wọn ló ń dúró dè é. Mi ò lè torí pé ìyá kan gbóyà kí n tì wọ́n sẹ́yìn. Ẹ mú nǹkan tí mo lè fojú rí wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe é o. Nǹkan tí mo lè fojú rí.

Bíréèkì ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ mọ́. "Dókítà ti ní kò sí nǹkan kan, ó parí. Obìnrin tó ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó wá rí ìsinmi díẹ̀, ẹ̀yin ń pè é lárùn. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà wọ́n ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọ̀mọ̀wé wí, omi sì lé sí i lójú. "Mo fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà wọ́n. Àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi. Eku ti fẹ́ gba orí yín."

Láti ọjọ́ náà, adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí fóònù bá dún níbi iṣẹ́, àyà Ọ̀mọ̀wé á ti là gààrà: ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mọ́tò ti gbá wọn, iná ti gbé wọn. Bó bá dún tí kì í ṣe nípa Màmá, á dúpẹ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìpè tó kàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló dé ilé Màmá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bíréèkì wà níwájú ilé, ó ń fọ ọkọ̀ ìkọ́ni rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kí i torí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ni Ọ̀mọ̀wé bá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé agbọ̀n aṣọ tútù, wọ́n ń lọ sókè.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Màmá?"

"Orí òrùlé. Oòrùn ibẹ̀ dáa."

Ẹsẹ̀ Màmá ò tẹ orí òrùlé yẹn rí. Nígbà tí Bíréèkì bá ń sá aṣọ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa pariwo pé kó ṣọ́ra. Ọ̀mọ̀wé gba agbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ lé wọn. Bó ti yọrí síta nínú oòrùn, orí rẹ̀ wú. Ògiri wà lápá ọ̀tún, ògiri wà lápá òsì. Iwájú àti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé kò mọ ọ́n parí, irin wọn ṣì yọ síta níbẹ̀. Pákó inú láàbù rẹ̀ gan-an ni, ó kàn jẹ́ pé kò sí fóòmù nísàlẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má rò pé kò bà á. Ó yẹ kó ní "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà wí tún jí nínú rẹ̀. Bó bá lè ya fídíò èyí, bí dókítà bá rí i pé obìnrin tó ń sá fún ẹ̀rọ agbéniròkè ń rìn létí òrùlé láìbojú wẹ̀yìn, wọ́n á gbé Màmá sínú ẹ̀rọ kó tó pẹ́ jù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó ní òun wà nítòsí, òun á fà wọ́n sẹ́yìn. Ó yọ fóònù jáde, ó gbé e sókè, ó dúró.

Màmá ń sá aṣọ, wọ́n ń kùn orin lábẹ́ imú. Atẹ́gùn fẹ́. Ìborùn wọn fò lórí okùn, ó lọ há sára irin kan létí òrùlé, níbi tó ṣí sílẹ̀. Màmá wò ó. Wọ́n rìn lọ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n dé etí rẹ̀ pátápátá, wọ́n nawọ́. Ọwọ́ wọn ò tó o.

Wọ́n wá dúró. Wọ́n yíjú padà, wọ́n wo Ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe ìwò kan lásán. Wọ́n wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Ọ̀mọ̀wé fún yín. Ọkàn rẹ̀ ń pariwo. Ó ń ké pé ẹ padà, ẹ padà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀kankan nínú rẹ̀ kò jáde. Àwọn ọdún tó fi dúró nídìí pákó yẹn, tó fi kọ́ ara rẹ̀ pé bí ó bá ti ń já bọ́, ìgbà náà gan-an ni kí ó má mira, gbogbo wọn ló wá dì í mú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀rù tó, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń le sí i. Ọwọ́ tó fi di fóònù mú kò gbọ̀n rárá. Ojú rẹ̀ dákẹ́.

Màmá yíjú kúrò. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ọwọ́ kọjá etí kọnkéré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn yẹ̀. Sílípáàsì kan bọ́, ó lọ sísàlẹ̀; wọ́n fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ irin náà, wọ́n ṣì ń fa ìborùn.

Orí ọkọ̀ tí Bíréèkì ń fọ̀ ló bọ́ sí. Ó gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú òfúrufú. Bó ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn, kò lè sọ ọ́ títí dòní. Ọ̀mọ̀wé gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, ó rí i tó kọjá lára rẹ̀ tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó rí i tó gbá ìbàdí Màmá mú tó sì fà wọ́n sẹ́yìn, tí àwọn méjèèjì jọ ṣubú sórí kọnkéré. Ó ń wò ó. Kò tíì kúrò lójú kan.

Bíréèkì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí fóònù.

"Ẹ̀ ń ya fídíò?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò tilẹ̀ pariwo, èyí ló burú jù. "Màmá wa fẹ́ já bọ́, ẹ̀ ń ya fídíò? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín?"

Ọ̀mọ̀wé ṣì gbé fóònù náà sókè.

"Má bú ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Màmá wí. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń gbọn eruku lára aṣọ wọn, ẹsẹ̀ wọn kan ṣì wà létí ibẹ̀ láìní bàtà. Ìborùn náà wà lọ́wọ́ wọn. "Kí ló sì ń gbọ̀n ẹ́ lára báyìí?"

"Ẹ fẹ́ já bọ́, Màmá! Ẹ fẹ́ kú!"

"Níbo?" Màmá wo etí òrùlé náà, wọ́n wò ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Wọ́n mi orí. "Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ti ṣe díẹ̀. Ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rù, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mi ò sọ fún yín ni, kí ẹ má baà máa dààmú. Mo ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ojú èèyàn ni mo máa ń wò. Bí mo bá rí i pé ojú ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi fà ro, èmi náà á dúró."

Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn obìnrin. Kò sí ìbínú lójú wọn. Ṣe ni wọ́n ń ṣàlàyé fún un.

"Mo sì wo ojú tìrẹ, ìyá mi. Ìwọ kúkú lo mọ̀ jù nínú wa. O rí i tí mo wò ọ́? Ojú rẹ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní háà, tí ibí yìí bá léwu, ṣé ọmọ mi á máa wò mí bẹ́ẹ̀? Ni mo bá tún nawọ́."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé. Igbe tó ti há sí i lọ́fun já jáde, igbe ńlá tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ń yọjú lójú fèrèsé. Ó wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ ń kọ lu ara wọn, ikun àti omijé dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Ó léwu," ló ń wí. "Màmá, ó léwu. Ó léwu. Ẹ dárí jì mí, ó léwu gan-an."

Màmá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n, wọ́n wo ojú rẹ̀ tó là kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn kúrò létí òrùlé, wọ́n ká a mọ́ra, wọ́n sì di ẹ̀wù Bíréèkì mú pinpin.

"Ó léwu tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó léwu tó bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ó dáa." Wọ́n dìde, wọn ò fi ẹ̀wù ọmọ wọn sílẹ̀. "Máa lọ níwájú mi. Má nu ojú rẹ o, jẹ́ kí n máa rí i títí a ó fi délẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kọjú sókè sí ìyá rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn sọ àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, kò sì nu ojú rẹ̀.